Ẹ Jẹ́ Kí Owó Iṣẹ́ Ọwọ́ Hàn Lórí Ìwé

Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín oníṣẹ́ ọwọ́ àti ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un, owó ni àwọn méjèèjì máa ń pariwo lé lórí, ṣùgbọ́n ìjà náà ti wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ owó tó dé. Ọjọ́ tí wọ́n fẹnu lásán ṣàdéhùn ló ti bẹ̀rẹ̀. Oníná ní òun ti sọ pé wáyà tó wà nílẹ̀ kò ní tó. Onílé ní òun kò gbọ́ bẹ́ẹ̀. Pẹ́ńtà ní iye tí àwọn jọ sọ kò kan àjà ilé. Ẹni tó ni ilé ní ta ló ń kun ògiri tí kì í kun àjà? Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má purọ́. Ohun tó wà lọ́kàn kálukú lọ́jọ́ àdéhùn ló ń sọ, kò sì sí ibi tí wọ́n ti fi ọkàn méjèèjì wéra. Èrò tèmi ni pé àwọn áàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń fi ṣe ẹ́sítíméètì àti ínfọ́ìsì lè dín irú ìjà yìí kù púpọ̀, ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi gbà bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí àwọn tó ń polówó wọn máa ń sọ. Wọ́n ní ó rẹwà, wọ́n ní ó yá, wọ́n ní ó bá ìgbà mu. Èmi ní àǹfààní rẹ̀ tó ga jù ni pé ó ń mú kí oníṣẹ́ kọ owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, kó má pa á mọ́ owó ọjà. Ibi tí owó iṣẹ́ ti ń fara pamọ́ sábẹ́ owó ọjà ni àìrówó oníṣẹ́ ọwọ́ wa ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni ìfura oníbàárà ti ń wá.

Kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wí. Ẹ́sítíméètì ni ìwé tí oníṣẹ́ fi ń sọ iye tí iṣẹ́ yóò jẹ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ínfọ́ìsì ló fi ń béèrè owó nígbà tí iṣẹ́ bá parí tàbí tó bá dé ibi tí wọ́n jọ fẹnu kò sí. Rìsíìtì ló ń jẹ́rìí pé owó ti wọlé. Áàpù kan ṣoṣo lè tọ́jú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Zoho Invoice, tí iléeṣẹ́ Zoho ti ilẹ̀ Íńdíà ṣe, kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. QuickBooks jẹ́ ti iléeṣẹ́ Intuit ní Amẹ́ríkà, owó sì ni à ń san fún un. Ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà dáadáa lè gbé Invoice Ninja sórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Nílé níbí, ẹni tó bá ní àkántì lọ́dọ̀ Paystack tàbí Flutterwave lè fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́ sí oníbàárà, kí onítọ̀hún sì sanwó láti orí ìwé náà gan-an. Ìtàn ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí yẹ ní mímọ̀. FreshBooks, ti ìlú Toronto ní Kánádà, bẹ̀rẹ̀ ní 2003 lẹ́yìn tí Mike McDerment, tó ń bá àwọn oníbàárà ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣèèṣì fi ínfọ́ìsì tuntun pa ti àtijọ́ rẹ́ nínú Microsoft Word. Oníṣẹ́ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sọnù ló wá ojútùú sí ìṣòro ara rẹ̀. Ìṣòro náà kò sì yàtọ̀ sí ti télọ̀ tí ìwé tó ń kọ gbèsè sí bọ́ sọ́wọ́ òjò.

Ẹ jẹ́ ká gbé iṣẹ́ kan yẹ̀ wò. Ká ní onílé kan ní Ìbàdàn fẹ́ kí oníná tún wáyà yàrá méjì ṣe. Oníná ti wo iṣẹ́ náà, ó ṣí áàpù lórí fóònù rẹ̀, ó yan orúkọ oníbàárà, áàpù sì fún ìwé náà ní nọ́ńbà àti déètì. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní àyè fún orúkọ nǹkan, iye tí a nílò, owó ẹyọ kan àti àròpọ̀. Ó kọ rólì wáyà 2.5 mm², ó kọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, suwíìṣì, páìpù tí wáyà yóò gba inú rẹ̀ kọjá, àti téèpù. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kọ ìlà tó dá dúró: owó iṣẹ́, fún gígé ògiri, títẹ́ wáyà, dídí ojú ibi tí a gé, àti yíyẹ iná wò kó tó fà á lé onílé lọ́wọ́. Nísàlẹ̀, ó kọ ohun tí owó náà kò kan: kíkun ògiri lẹ́yìn iṣẹ́, àti ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ mítà. Ó kọ ọ́ pé iye yìí kò ní yí padà láàárín ọjọ́ 7, pé ìdá 60 nínú 100 ni àsansílẹ̀. Ó fi í ránṣẹ́, ó dé ọwọ́ onílé lórí WhatsApp. Onílé kà á, ó tẹ ibi tó ní òun fara mọ́ ọn, ọjọ́ àti wákàtí tó tẹ̀ ẹ́ sì wọ inú àkọsílẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, oníná kò ní jókòó ti ìwé mìíràn. Ẹ́sítíméètì yẹn náà ni áàpù yóò sọ di ínfọ́ìsì, wọn yóò yọ àsansílẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, áàpù á sì máa rán onílé létí lọ́jọ́ tí oníná bá yàn. Ìlà tó sọ ohun tí owó kò kan, tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ láti kọ, ni ì bá ti pa ìjà pẹ́ńtà àti onílé lórí àjà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlà owó iṣẹ́ ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí. Lọ́dọ̀ wa, oníbàárà kì í fi bẹ́ẹ̀ jiyàn lórí owó ọjà. Bí kápẹ́ńtà bá ní pákó kan jẹ́ iye báyìí, oníbàárà mọ̀ pé kò lọ inú igbó gé igi fúnra rẹ̀. Ọjà ló rà á. Bó bá wá dárúkọ owó iṣẹ́, ojú oníbàárà á yí padà: “Ọ̀gá, iṣẹ́ wákàtí mélòó náà ni?” Kò ní ka ọdún tí ọ̀gá náà fi kọ́ṣẹ́, kò ní ka irinṣẹ́ tó ń gbó, kò ní ka ọkọ̀ tó wọ̀ wá. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti kọ́ ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n á fi owó iṣẹ́ sílẹ̀ ní kékeré kí oníbàárà má bàa sá, wọ́n á wá gbé èrè wọn lé orí ọjà. Oníbàárà lè má mọ̀, ṣùgbọ́n á máa fura. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ní òun fúnra òun ló máa lọ ra ọjà, tàbí kó rán ọmọ rẹ̀ lọ béèrè iye lẹ́yìn oníṣẹ́. Ọjọ́ tó bá rí i pé iye náà yàtọ̀, olè ló máa pè é, nígbà tó jẹ́ pé owó iṣẹ́ tí wọn kò fẹ́ san lójú ni oníṣẹ́ ń wá gbà lẹ́yìn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ọgbọ́n yìí ń pa oníṣẹ́ lára ju bó ṣe ń gbè é lọ. Àkọ́kọ́, bó bá ṣẹlẹ̀ pé oníbàárà ra ọjà fúnra rẹ̀ lóòótọ́, owó iṣẹ́ kékeré tí oníṣẹ́ ti fẹnu ara rẹ̀ sọ náà ló máa gbà, kò sì ní lè yí i padà mọ́. Èkejì, ó ń fi kọ́ oníbàárà pé iṣẹ́ ọwọ́ kò níye lórí, pé ọjà nìkan ló ń náni lówó. Ẹni tó bá ṣe é lónìí ti ba ọ̀nà jẹ́ fún oníṣẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́la. Ẹ̀kẹta ló burú jù: oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò mọ èrè rẹ̀. Owó ọjà àti owó iṣẹ́ jọ ń wọlé sínú àkántì kan náà, wọ́n jọ ń jáde. Ní ìparí oṣù, ó rí i pé owó ńlá gba ọwọ́ òun kọjá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í pé èwo gan-an ló jẹ́ tirẹ̀, kò ní lè sọ. Ẹni tó bá fi áàpù kọ owó iṣẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún oṣù mẹ́fà lè ṣí i kó rí iye tí ọwọ́ rẹ̀ pa, kó rí irú iṣẹ́ tó ń mówó wọlé àti irú èyí tó kàn ń jẹ ọjọ́ rẹ̀ lásán. Bó bá wá fẹ́ fi kún owó iṣẹ́, ìdí tó lè ṣàlàyé ló máa fi ṣe é, kò ní jẹ́ pé ojú oníbàárà ló kàn wò.

Bí ọjà ṣe ń yí padà ní orílẹ̀-èdè yìí tún fi kún ìdí tó fi yẹ kí ẹ́sítíméètì wà lákọsílẹ̀. Lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, epo tí wọ́n ń ta ní iye tí kò tó 200 náírà lítà kan sún mọ́ 500, ó sì kọjá bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Nínú oṣù kẹfà, báńkì àpapọ̀ jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye tí dọ́là jẹ́. Dọ́là tí kò tó 480 náírà tẹ́lẹ̀ kọjá 1,500 nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 2024. Gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀yà ara jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n fi ń ṣe wáyà àti ọ̀dà ilé, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ń wá. Ní ìparí ọdún 2024, iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ní iye ọjà ti fi ìdá 34.8 nínú 100 ga ju ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Oníṣẹ́ tó bá fẹnu sọ iye iṣẹ́ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ti fi ara rẹ̀ há sáàárín ohun méjì: bó bá dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, á jẹ gbèsè, bó bá yẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní aláìṣòótọ́ ni. Déètì tí iye náà máa dópin, tí áàpù ń béèrè nínú ẹ́sítíméètì, ló ń gbà á sílẹ̀. Bí oníbàárà bá dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé òun ti ṣe tán, àwọn méjèèjì mọ̀ pé iye ọjọ́ náà ti kọjá, kò sì sí ẹni tó yẹ àdéhùn. Bí owó iṣẹ́ bá sì dá dúró lórí ìwé, owó ọjà nìkan ni wọ́n á tún yẹ̀ wò.

Àwọn kan á ní irú nǹkan báyìí kò bá ìwà wa mu, pé Yorùbá kì í fi ìwé bá ẹni tó mọ̀ dá nǹkan pọ̀, pé ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọlúàbí tó. Ọ̀rọ̀ sùnnùkùn, ojú sùnnùkùn la fi ń wò ó. Lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹnu ní agbára láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n kò dá dúró rí. Onígbọ̀wọ́ wà, ẹlẹ́rìí wà, baálé wà tí wọ́n lè pe ẹjọ́ náà sí iwájú rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ìyẹn kò bá ran ọ̀rọ̀, agbára ló kù. Samuel Johnson ṣàlàyé nínú The History of the Yorubas, tó jáde ní 1921, bí wọ́n ṣe ń dógò ti onígbèsè: ẹni tí wọ́n bẹ̀ ní iṣẹ́ náà á lọ fìdí kalẹ̀ sílé rẹ̀, á máa yọ gbogbo ilé lẹ́nu títí owó á fi jáde. Àwọn Ìjẹ̀ṣà Òṣómàálò tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá kò fi gbèsè wọn sílẹ̀ fún ìwà ọmọlúàbí nìkan. Ẹnu ọ̀nà onígbèsè ni wọ́n ń lọ bá a. Lónìí, oníṣẹ́ ní Ìkòròdú lè gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí kò rí rí, tó jẹ́ nọ́ńbà fóònù nìkan ló mọ̀ ọ́n sí. Kò mọ baálé rẹ̀, kò mọ ìdílé rẹ̀, kò sì lè lọ jókòó sẹ́nu géètì ẹ́sítéètì tí àwọn ẹ̀ṣọ́ wà. Ẹlẹ́rìí tí ìlú ń pèsè nígbà kan ti tán, ìwé ló lè dípò rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọlúàbí kò ní bínú pé wọ́n kọ ohun tó sọ sílẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù tí oníṣẹ́ ń ṣe yàtọ̀ sí ìyẹn. Wọ́n ní bí àwọn bá to gbogbo nǹkan sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, oníbàárà á gbé ìwé náà lọ bá oníṣẹ́ mìíràn tí yóò ṣe é ní owó tó dín. Òótọ́ ni, ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó fi ọgbọ́n orí rẹ̀ ṣírò iye wáyà tí ilé kan máa gbà ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, kò sì yẹ kí ẹlòmíràn jẹ èrè rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa oníṣẹ́ níbẹ̀ ni pé kò gba owó ìyẹ̀wò. Mẹkáníìkì tó ń so ẹ̀rọ mọ́ ọkọ̀ láti mọ ohun tó ń ṣe é máa ń gbowó rẹ̀ kó tó tún un ṣe. Kí ló dé tí púlọ́mbà tó lo òwúrọ̀ kan gbáko lábẹ́ síńkì kò ní gbà? Kí ínfọ́ìsì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìyẹ̀wò, kí ó sọ ọ́ níbẹ̀ pé òun á yọ owó náà nínú owó iṣẹ́ bí wọ́n bá gbé e fún òun. Ẹni tí kò bá fẹ́ san ìyẹn ti jẹ́ kí a mọ ohun tó ń wá. Bákan náà, kò di dandan kí ẹ́sítíméètì àkọ́kọ́ ní gbogbo ìwọ̀n nínú. Ó lè sọ àpapọ̀ owó ọjà àti owó iṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí àlàyé kíkún tẹ̀ lé àsansílẹ̀. Ní ti ọ̀rọ̀ ìdúnàádúrà, kò sí áàpù tó lè pa á rẹ́ nílẹ̀ yìí, kò sì pọn dandan. Ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀ ló máa yí padà. Oníbàárà tí owó rẹ̀ kò tó lè ní kí wọ́n yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì kúrò, tàbí kí wọ́n lo irú tí owó rẹ̀ rọ̀. Iṣẹ́ ló dín kù, owó náà dín kù. Ìyẹn sàn ju kí gbogbo iṣẹ́ wà bó ṣe wà kí wọ́n wá gé owó ẹni tó máa ṣe é.

Ẹlòmíràn á ní ìwé rìsíìtì alápá méjì tí wọ́n ń tẹ̀ ní Sómólú tó o, pé WhatsApp nìkan náà tó. Mo gbà pé ó tó fún àwọn kan. Ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà kò nílò ẹ́sítíméètì. Oníbàárà dúró lórí rẹ̀, iṣẹ́ parí, owó jáde. Ẹni tó ń gerun kò nílò rẹ̀. Iṣẹ́ tó ju ọjọ́ kan lọ, tó ní ọjà nínú, tó ní àsansílẹ̀, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ti ẹni tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn fún ìnáwó, ti alásè tó ń gbọ́únjẹ fún èrò 300, ti wẹ́dà, ti bíríkìlà. Nínú irú iṣẹ́ yìí, ìwé rìsíìtì ń sọ iye tó wọlé, kò sọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ san án. WhatsApp ń tọ́jú ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dà á pọ̀ mọ́ ìkíni, àwòrán, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ àti ẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń wá ibi tí alásè ti ní owó òun kò kan omi àti ọtí, ojú á rí nǹkan. Áàpù kò lé WhatsApp kúrò, orí WhatsApp náà ni ìwé rẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ohun tó fi kún un ni pé ọ̀rọ̀ tó kan owó ní ojú kan tó wà, nọ́ńbà kan ṣoṣo, àròpọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ̀rù owó orí wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọn kì í sọ ọ́ síta: bí gbogbo owó tó ń wọlé bá wà lákọsílẹ̀, ṣé ìjọba kò ní rí i? Ìdáhùn kan ni pé láti ìgbà tí àìrówó gbà ní báńkì ti sọ tíránsífà di ti gbogbo ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, owó tó ń wọlé ti wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ báńkì. Ohun tí kò sí lákọsílẹ̀ ni ìnáwó. Bí oníṣẹ́ bá gba 500,000 náírà, tó sì jẹ́ pé 380,000 nínú rẹ̀ lọ sórí ọjà, 500,000 ni àkántì rẹ̀ máa sọ. Bí kò bá sí ìwé, báwo ló ṣe máa fi hàn pé 120,000 ló jẹ́ tirẹ̀? Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 kò gba nǹkan kan lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó tí à ń bu owó orí lé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún, bẹ́ẹ̀ èrè ni à ń bu owó orí lé, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìnáwó iṣẹ́ kúrò. Àkọsílẹ̀ tó ya ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ni ààbò oníṣẹ́ kékeré. Láti ọdún 2025 sì ni àwọn agbowó orí ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ínfọ́ìsì orí ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tí owó tó ń gba ọwọ́ wọn kọjá lọ́dún tó bílíọ̀nù 5 náírà. Irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ máa gbé iṣẹ́ fún ẹni tí kò lè fún wọn ní ìwé tó ṣeé tọ́ka sí. Ní Benin tó múlé gbè wá, ìjọba ti sọ irú ínfọ́ìsì bẹ́ẹ̀ di dandan fún àwọn oníṣòwò láti 2021, àwọn ará Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ sì ti ń bá a yí.

Àwọn ìṣòro kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú kékeré wò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ áàpù yìí ń sọ, iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ṣeé gbára lé, dátà sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé kan kò wúwo tó fídíò kékeré tí à ń wò lójoojúmọ́, ìlà tí oníṣẹ́ ń kọ sí sì lè jẹ́ ní Yorùbá pọ́ńbélé. Oníṣẹ́ tí kò mọ̀wé púpọ̀ lè pe ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ilé ìwé gírámà kó tẹ̀ ẹ́, kí òun fúnra rẹ̀ sì fi ohùn ṣàlàyé rẹ̀ ránṣẹ́ tẹ̀ lé e. Ti owó náà wà: Paystack ń yọ ìdá 1.5 nínú 100 àti 100 náírà lórí owó abẹ́lé tó bá gba ọ̀dọ̀ wọn, kò sì ní ju 2,000 lọ. Ẹni tí ìyẹn bá ká lára lè kọ nọ́ńbà àkántì báńkì rẹ̀ sórí ínfọ́ìsì, kí wọ́n fi tíránsífà san án. Ẹ̀rù tó yẹ kó bà wá jù ni pé àkọsílẹ̀ wa wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Iléeṣẹ́ lè kógbá wọlé, ó lè fi owó lé ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lánàá. Kí oníṣẹ́ máa gba àwọn ìwé rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan ni ìdáhùn rẹ̀. Kí ó sì rántí pé orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà oníbàárà tó wà níbẹ̀ jẹ́ ohun tí Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 dáàbò bò. Kì í ṣe ohun tí gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ lè ṣí wò.

A kò sì gbọdọ̀ tan ara wa: áàpù kò lè fipá gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ san. Ìránnilétí márùn-ún kò ní mú ojú ti aláìnítìjú. Ṣùgbọ́n ó ń mú kí ibi tí oníṣẹ́ lè lọ pọ̀ sí i. Láti 2018 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní kóòtù fún gbèsè kéékèèké, tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, tí wọ́n sì fẹ́ kí ẹjọ́ parí láàárín 60 ọjọ́. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ kò nílò lọ́yà dandan, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ lè sọ iye tí wọ́n jẹ ẹ́ ní pàtó, kó sì fi ohun tó gbé e ró hàn. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sì gba ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde wọlé bí a bá tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀. Ẹni tó ní ẹ́sítíméètì tí oníbàárà fọwọ́ sí, ínfọ́ìsì tó bá a mu, àti àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́, ti yàtọ̀ sí ẹni tó dé kóòtù pẹ̀lú ìbúra lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tiwa tó wà lókè òkun náà ń jàǹfààní. Ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ láti London tàbí Houston láti kọ́lé sí Òṣogbo kò lè rí iṣẹ́ pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti há sọ́wọ́ ẹbí tàbí kọńtíráítọ̀. Ẹ́sítíméètì tó ya owó síméńtì sọ́tọ̀ kúrò lára owó bíríkìlà, tí ínfọ́ìsì sì ń jáde bí iṣẹ́ bá ṣe ń dé ìpele kọ̀ọ̀kan, ni ohun tó sún mọ́ ojú jù tó lè ní. Òfin náà ń béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn kan nínú wọn níbi tí wọ́n wà: nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹrin ọdún 2026, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ tí owó tó gba ọwọ́ rẹ̀ bá kọjá 50,000 pọ́ùn lọ́dún gbọ́dọ̀ máa tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, kó sì máa jíṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Ibi tó yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń gba owó ẹgbẹ́, wọ́n ń ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi kún un pé ọmọ tó fẹ́ gba fírídọ̀ọ̀mù gbọ́dọ̀ lè ṣe ẹ́sítíméètì iṣẹ́ kan níwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́, kó ya ọjà sọ́tọ̀, kó ya iṣẹ́ sọ́tọ̀, kó sọ ohun tí owó náà kò kan. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ jọ fẹnu kò lórí iye tí owó iṣẹ́ kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí ní àdúgbò wọn, kí kálukú lè kọ ọ́ síta láìbẹ̀rù pé aládùúgbò òun á gba iṣẹ́ lábẹ́ òun. Àwa oníbàárà náà ní ipa tiwa. A kò lè máa pariwo pé oníṣẹ́ ń bu owó lé ọjà, kí á sì tún máa fọwọ́ ara wa gé owó iṣẹ́ tó kọ síwájú wa láìlábòsí. Bí ẹ́sítíméètì bá dé, tí owó bá sì pọ̀ jù fún wa, ọjà ni ká wò tàbí ká dín iṣẹ́ kù. Ìlà tó jẹ́ ti ọwọ́ oníṣẹ́, ká san án pé.